Wáyà Tí Wọ́n Fi Ọ̀bẹ Gé

"Ọ́tánétọ̀ ni ò ṣáàjì bátìrì mọ́, Màmá."

Dírẹ́bà ọkọ̀ ajagbé náà ń làágùn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ìyá Iná, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní gárééjì, ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí nǹkan tó ṣe ọ́tánétọ̀. Ó fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Wáyà yìí ò jóná. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e.

Ọ̀bẹ kan sì rèé tó yọ orí lápò dírẹ́bà.

Ìyá Iná sún sẹ́yìn.

Ẹ́ńjìnnì ti kú, síbẹ̀ nǹkan kan ń dún lára ọkọ̀: kó, kó, kó.

"Kí ló ń dún?"

Dírẹ́bà di ọwọ́ Ìyá Iná mú gírígírí. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Ṣé kò tíì tán ni?" ni ọ̀gá tó ni ẹrù bi wọ́n látorí ìjókòó iwájú.

Ìyá Iná la ẹnu kó pariwo.

"Èmi ni mo gé e," ni dírẹ́bà sọ sí i létí. "Wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ni mo gbé. Èèyàn ló ń kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn yẹn. Ẹ bá mi dá ọkọ̀ yìí dúró títí ọlọ́pàá tí mo pè á fi dé."

Ìyá Iná yíjú sí ọ̀gá náà.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá jókòó síbòji," ló wí. "Ọ́tánétọ̀ yín ti kú. Ó máa pẹ́."