Télọ̀ Tó Pe Àìsàn Ní Eré

Ìyàwó àbúrò mi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó dá ẹjọ́, aláìláàánú sì ni. Télọ̀ ni. Ẹnu-Ò-Sinmi ni gbogbo ilé wa ń pè é.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ti ń kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà tí mọ́tò ti pa ìyá ọmọ náà níṣojú rẹ̀ ló ti máa ń ṣubú, tí gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Dókítà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lásìkò tó ń gbọ̀n, ó ní, "Wárápá kọ́. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni ara rẹ̀ ń gbé jáde. Kò díbọ́n, kò sì lè dá a dúró. Bó bá ti ṣubú, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ dúró tì í. A ó máa bá a sọ̀rọ̀ níbí títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀."

Ẹnu-Ò-Sinmi pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o! Wárápá kọ́! Ọ̀lẹ lásán ni."

"Ṣé ibẹ̀ ni dókítà parí ọ̀rọ̀ sí?"

Ó ti fa ọmọ náà lọ́wọ́ jáde ní ọsibítù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹgà ní ń sọ pé ẹgà ń pàtótó.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọmọ náà ní Òṣèré. Bó bá ṣubú, á fi abẹ́rẹ́ gún un nítan. "Òṣèré, dìde! Àwọn tó ń wòran ti lọ!" Bí ọmọ náà kò bá pariwo, á ní, "Ẹ ò rí olóríkunkun?"

Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n jókòó. Ó ti ń bọ̀."

"Kí ló ń bọ̀? Oníbàárà ló ń bọ̀. Lọ aṣọ!"

Ó ṣubú, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì bọ́ lé e lápá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fò dìde. Ẹnu-Ò-Sinmi na sísọ́ọ̀sì sí wọn. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó máa lọ ilé ẹ̀! Bó bá gbóná dáadáa, á dìde fúnra ẹ̀."

Kò dìde. Òórùn ẹran tó ń jóná gba ṣọ́ọ̀bù kan. Àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ti Ẹnu-Ò-Sinmi sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò lápá ọmọ náà. Awọ bá irin lọ. Iná náà jó wọ iṣan apá rẹ̀; títí di òní, ìka ọmọ náà kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Iṣẹ́ tó ń kọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kọjá sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti abẹ́rẹ́. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ẹnu-Ò-Sinmi ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ ọmọ náà kó sọ pé àṣìṣe ni."

Mo ní, "Sísọ́ọ̀sì tí o nà sí wọn ńkọ́, àṣìṣe ni?"

Ó bú sẹ́kún. Mo gbé báàgì mi, mo bá tèmi lọ. Ẹ̀wọ̀n ni adájọ́ sọ ọ́ sí. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, kò sì sí ọmọ ilé wa kankan tó lọ wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Àìsàn tó ti inú ọkàn wá, àìsàn ni. Ẹni tó ń ṣubú ṣubú ní tòótọ́, iná sì ń jó o bó ṣe ń jó gbogbo ènìyàn. Bí dókítà bá ní kì í ṣe wárápá, ẹ dúró gbọ́ ohun tó ní ó jẹ́. Ẹni tó bá gbá ìdajì ọ̀rọ̀ mú, tó fi ń jẹ aláìsàn níyà, ìkà ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá a bẹ̀bẹ̀.