Ìpàdé Nítorí Moráyọ̀

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé náà, ní pálọ̀ Ọlábímpé ní Thamesmead. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé láti Belvedere, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kò tíì jókòó dáadáa tí Gbémiga fi kan ilẹ̀kùn. Gbémiga kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Amos, ọkọ Ọlábímpé, l'Ékòó. Ní báyìí, ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Nathan Way, níbi tó ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti bánà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mú ọmọbìnrin kan dání láti Woolwich, Doyinsọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọdún kan nílùú ọba. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nínú irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe yìí.

Ọ̀rọ̀ Moráyọ̀ ni wọ́n wá sọ. Lékan, tó ń mójú tó o l'Ékòó, ti ránṣẹ́ pé ó ti rẹ òun, pé kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ mọ́. Bí Moráyọ̀ ò bá rọ́nà dé London, ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí nìyẹn. Ọlábímpé kọ́ ló bí i. Amos ti ní Moráyọ̀ kó tó fẹ́ Ọlábímpé, ọdún bíi mélòó kan sì wà tí obìnrin náà ń jowú, torí pé bí Moráyọ̀ bá ti wà nílẹ̀, Amos kì í rántí oúnjẹ. Amos ti kú báyìí. Kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ ni ín," Gbémiga ní. "Bí ẹ bá ti gbà, a máa bẹ̀rẹ̀ lónìí."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti age," Doyinsọ́lá dá sí i. "Ọdún mélòó ni ká pè é?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," Ọlábímpé ní.

"Mummy, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà ni nígbà tí mo wà ní primary o," Doyinsọ́lá ní. "Ẹ jẹ́ ká ní àádọ́ta."

"Àádọ́ta! Mo ti gbọ́ ẹni tó dín ọjọ́ orí kù kó tó wọ London. Ta lo rí tó fi kún tiẹ̀?"

"Àwọn tó wà níbí máa tètè gbà á gbọ́," Gbémiga ní. "Wọ́n á mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti rí nǹkan."

Kì í kúkú ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Nígbà tí Èkó kọ́kọ́ mọ Moráyọ̀, ọmọ oko ni, tí kì í wọ bàtà. Láyé àwọn sójà, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí báńkì gbòde, ó di òṣìṣẹ́ báńkì, ó sì ní mọ́tò. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wá pọ̀ ju ilé epo lọ, ó di àtúnbí, yẹtí ò kan etí rẹ̀ mọ́. Ó ti lọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì pòórá, kò sì sẹ́ni tó wá a. Wọ́n tilẹ̀ ti kéde rẹ̀ rí pé ó kú. Ariwo àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ débi tí Amos fi yára sọ pé kò kú mọ́.

"Iṣẹ́ wo ló máa ṣe?" Ọlábímpé béèrè.

"Carer," Gbémiga ní.

Ọlábímpé gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Moráyọ̀? Kó máa nudìí fún àgbàlagbà kiri? Gbémiga, ó ti ní mọ́tò rí!"

"Ẹ̀yin náà ti ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó rí, Mummy. Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọlábímpé. Ó dun Gbémiga náà pé ó ti ẹnu òun jáde.

"Ẹ má bínú, Mummy," ó ní. "Bí ayé bá ń yí, ká máa bá ayé yí ni."

Ọlábímpé tún gbé ife tíì rẹ̀. "Agbára rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣá?"

"Rárá o!" Doyinsọ́lá ní. "Òun nìkan ló máa gbé bàbá tó sanra bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta látilẹ̀ dórí bẹ́ẹ̀dì."

"Manager ò ní gbà. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ gbé e."

"Kò ní sọ fún manager."

Ọlábímpé bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, òun gan-an ló ń pàṣẹ. Ó ní yẹ̀rì kúkúrú tí Moráyọ̀ máa ń wọ̀ ò lè bá òtútù February jà, kóòtù tó dé orókún ni kí wọ́n wọ̀ fún un. Ó ní kó sanra díẹ̀. Ó béèrè ibi tó máa gbé, Gbémiga sì ní inú flat yìí gan-an ni, bí Mummy bá fàṣẹ sí i.

"Ó ku orúkọ," Gbémiga ní. "Mo rò pé Joy máa rọrùn lẹ́nu wọn."

Ọlábímpé dìde. "Rárá. Ẹ gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbà. Ẹ gba mọ́tò, mo gbà. Amos ló sọ ọ́ ní Moráyọ̀. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù tí mo lè nawọ́ sí pé ti ọkọ mi nìyí?"

Omi ti lé ròrò sí i lójú. Gbémiga sọ pé Moráyọ̀ náà ni, kò sí Joy kankan mọ́.

"Ó dáa," Ọlábímpé ní. "Kó máa bọ̀."

Doyinsọ́lá tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, ó ní kí Mummy dojú kọ fèrèsé díẹ̀, kí òun lè fi ojú rẹ̀ ya ojú tuntun fún Moráyọ̀, obìnrin tó ti ń fò lókè ọ̀sà Èkó nínú ìwé ìtàn aláwòrán tí Amos dá sílẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún, tó sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í fò lókè odò Thames ní Woolwich lóṣù tó ń bọ̀.