Orúkọ Tí Káyọ̀dé Fi Kọrin

Olúkáyọ̀dé ará Fìdítì fẹ́ràn àtẹ́wọ́ ju ọmọ ènìyàn lọ. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, n ò ní fi bò. Orin ló ń kọ sínú sinimá, ó sì mọ̀ ọ́n kọ débi pé láti Èkó ni wọ́n ti ń wá a wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún un báyìí, orí rẹ̀ á wú, kò ní mọ ibi tó yẹ kó dúró sí mọ́.

Lọ́dún 1976, ilé-iṣẹ́ kan ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Ìlọrà láti fi ṣe títì. Àpáta ń ya lu àwọn òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ náà kò sì bìkítà. Káyọ̀dé fi ìbínú kọ orin kan lé wọn lórí, ó ní òun yóò kọ ọ́ lójú gbogbo ayé ní gbọ̀ngàn ìlú. Títí dé ibẹ̀, ta ni yóò bá a wí? Ohun tó dáa ló ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò kọrin náà gan-an ni àpáta pa Olúfẹ́mi, ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màmá Hannah, ìyá Olúfẹ́mi, kò tíì gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ fara pa, ó wà ní ọsibítù n'Ìbàdàn. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni wọ́n ń dúró dè, kí òun àti pásítọ̀ lè sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀.

Tíṣà Adégòkè, àbúrò ìyá náà, lọ bá Káyọ̀dé nílé.

"Káyọ̀dé, Màmá ń bọ̀ níbi orin yín lọ́la. Bá a bá ní kó má lọ, ara á fu ú. Mo bẹ̀ ọ́, má dárúkọ Fẹ́mi."

"Háà, Tíṣà! Ṣé wèrè ni mí ni? Ìyá tèmi náà ni Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Fọwọ́ sọ̀yà."

"Mo fọwọ́ sọ̀yà, sà."

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Orin náà wọ àwọn èèyàn lára. Wọ́n dìde, wọ́n ń pariwo pé kó tún un kọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orí ọ̀gbẹ́ni wú. Ó nawọ́ sókè, ó fi ohùn dídùn kọ ohun tí kò sí nínú orin náà tẹ́lẹ̀:

"Wọ́n pa Fẹ́mi ọmọ Hannah,
Ilẹ̀ ti gbé Fẹ́mi mì, ẹ gbà wá o!"

Àwọn tí kò mọ nǹkan kan tún ń pàtẹ́wọ́! Màmá Hannah dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Fẹ́mi wo? Adégòkè, Fẹ́mi wo ló ń wí?"

Adégòkè sáré dì í mú. Ibẹ̀ ni Màmá ti mọ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣubú. Wọ́n sáré gbé e sínú mọ́tò, wọ́n forí lé Ọ̀yọ́, kò dé ibẹ̀ láàyè. Yéè! Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi á bù máṣọ.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kíkẹ́lọmọ ló jáde sí i.

"Bùọ̀dá Káyọ̀dé, mo ti mú oògùn Màámi dání bọ̀. Mo fẹ́ dì wọ́n mú kí n tó sọ ọ́. Kí lẹ kánjú sí?"

Ilé-iṣẹ́ olókùúta wá rí ẹnu sọ̀rọ̀, wọ́n ní orin ló pa ìyá, kì í ṣe àpáta. Ẹjọ́ tí gbogbo ìlú fẹ́ bá wọn ṣe fọ́n ká. Láti Fìdítì dé Ìmínì, bí Káyọ̀dé bá ti yanu báyìí, àwọn èèyàn á dìde kúrò níbẹ̀. Àwọn onísinimá kò wá a mọ́. Kí ọdún tó parí, àpáta tún pa ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó kọrin.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú relé nìyí: òótọ́ ní àsìkò tirẹ̀. Ẹni tó ń jà fún ọmọnìkejì rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣàánú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò dùn jù. Bí àgbà bá ní ká pa ọ̀rọ̀ mọ́ ná, kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ẹ̀mí ló ń dáàbò bò. Àtẹ́wọ́ kì í pẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà.