Ìmọ́lẹ̀ Búlúù Láti Kwa Nzoki

Ọ̀rá àgbàdo méjìlá dé sí ilé àyẹ̀wò ní Kitui ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta-mẹ́ta láti ilé méjìlá ní abúlé Kwa Nzoki. Kavata mọ ẹni tó ni ìkẹta kó tó ka orúkọ tó wà lára ọ̀rá náà. Ìyá rẹ̀ ló di í, ó mọ bí ó ti ń ta kókó.

Òjò òjijì kan ló bá àgbàdo náà nílẹ̀ kí wọ́n tó kó o wọ àká. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀run ti tì pa, òjò kò tún rọ̀. Kò sí oúnjẹ mìíràn ní Kwa Nzoki títí di ìkórè tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, oró inú àgbàdo tó bu pa ọmọ mẹ́ta ní abúlé kejì, nítorí náà àṣẹ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro lóye: bí nọ́ńbà oró tí ẹ̀rọ kà bá ti kọjá mẹ́wàá, kí wọ́n jó àgbàdo náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Oró yìí a máa mu ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, a sì máa tu ìmọ́lẹ̀ búlúù jáde. Bọ́tìnnì yíyí méjì ló wà lára ẹ̀rọ Kavata. Ọ̀kan ń yan ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé, èkejì ń yan èyí tó ń jáde. Ó fi ti ìwọlé sí 365, ó fi ti ìjáde sí 440, bí ìwé ẹ̀rọ ti wí. Ó gbé ìgò òdo sínú rẹ̀, èyí tí kò ní oró nínú, tí wọ́n ti dí lẹ́nu pa láti ibi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ. Òdo ló jáde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ìgò onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ló kù tí ó ń da omi àgbàdo lílọ̀ sí. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run pé oró ilé kan kò ní ti ara ìgò ran ilé kejì. Nítorí náà ó ń fi ọṣẹ ìyẹ̀fun tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá fọ̀ ọ́, èyí tí àwọn ìyá ìjọ fi ń fọ aṣọ funfun wọn. Omi táńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ife kan ló fi ń ṣan án.

Ilé kìíní, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ilé kejì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ti ìyá rẹ̀, mẹ́rìndínlógójì.

Musembi, bàbá Mutua, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, yọ orí wọlé. Àgbà ni, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Kwa Nzoki sì ni ìyàwó rẹ̀ ti wá. Inú yàrá náà ṣókùnkùn, àtùpà kékeré aláwọ̀ àlùkò nìkan ló ń tàn.

“Áńgẹ́lì,” ó ní, “ọrùn ẹ̀wù rẹ ń tàn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà sókè.”

“Ẹ má bá mi ṣeré lónìí, Bàbá Mutua.”

Kavata tún ìgò náà fọ̀. Ó fi ọṣẹ kún ọṣẹ, ó ń gbàdúrà bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Ó dá àgbàdo ìyá rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ. Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó ka ti ilé mẹ́sàn-án tó kù. Kò sí èyí tó jìnnà sí i.

Musembi wo ìwé tó ń kọ wọ́n sí. “Ilé méjìlá, nọ́ńbà wọn fẹ́ jọra. Àfi bí ẹni pé àgbàdo ṣèpàdé.”

“Òjò kan náà ló pa wọ́n.”

“Yan ìmọ́lẹ̀ mìíràn, Kavata. Ká wo bóyá bí oró ló máa ṣe.”

“Kí nọ́ńbà lè kéré?”

“Ó lè kéré. Ó lè má kéré.”

“Bí Èṣù náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ má bínú.”

Musembi na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó yí bọ́tìnnì ìwọlé. Mẹ́fà. Fún ìṣẹ́jú kan ni Kavata fi wo mẹ́fà náà. Ó rí àká ìyá rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jókòó yí ìkòkò ká. Lẹ́yìn náà ó gbá ọwọ́ ọkùnrin náà kúrò, ó dá bọ́tìnnì padà sí 365.

“Mi ò ní fi oró bọ́ wọn torí pé wọ́n jẹ́ tèmi.”

“Mi ò sọ pé kí o bọ́ wọn,” Musembi dáhùn. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Kavata pe baálẹ̀ Kwa Nzoki lórí fóònù, ó ka nọ́ńbà náà fún un. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ pè é.

“Kavata, wọ́n ní ká jó o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mo fi se isyo lánàá, òun àti ẹ̀wà. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí à ń jẹ ẹ́. Inú kò run ẹnikẹ́ni.”

“Oró náà kì í ṣeni lójú ẹsẹ̀, Màmá.”

“Kí la ó wá máa jẹ?”

Kavata fẹ́ sọ pé Ọlọ́run yóò pèsè.

“Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?”

“Ìgbà méje ni mo fọ ìgò yẹn kí n tó ka tiyín kẹ́yìn. Ọṣẹ yín ni mo fi fọ̀ ọ́.”

“Tóò. Bó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé tèmi jáde, kí àwọn yòókù lè gbà.”

Ní agogo mẹ́rin, Kavata rí èéfín lápá Kwa Nzoki láti ojú fèrèsé. Ó kọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó gbòòrò. Kavata kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń dùn ún. Ó dìde, ó palẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Ó da omi àgbàdo nù, ó fi ọṣẹ fọ ìgò náà, ó fi ife omi kan ṣan án, ó sì rọ omi lásán sínú rẹ̀ kí ó má baà gbẹ.

Nígbà tí ó gbé e padà sí àyè rẹ̀, nọ́ńbà jáde fún omi náà, omi tí kò fojú kan àgbàdo rí: mẹ́tàdínláàádọ́ta. Lábẹ́ àtùpà aláwọ̀ àlùkò náà, eérún ọṣẹ ìyá rẹ̀ ń tàn búlúù lórí tábìlì, bí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ gan-an.