Wọ́n Gbé Ọ̀gágun Kúrò Nínú Ẹrẹ̀

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí ọfà wọ itan Ọ̀gágun Himerios. Ẹṣin rẹ̀ ṣubú lé ẹsẹ̀ kan náà, egungun sì dá. Inú eèsún etí odò Istros ni ó dùbúlẹ̀ sí, ẹrẹ̀ mù ún dé ìgbáròkó, nígbà tí jagunjagun kan nínú àwọn Afari, ọ̀tá wọn, sọ̀kalẹ̀ lórí ẹṣin láti wá gé orí rẹ̀. Himerios fi ọ̀bẹ gún un lábẹ́ àgbọ̀n. Ọkùnrin náà kú lé e láyà, ó sì pẹ́ kí ọ̀gágun tó rí agbára tì í kúrò.

Gaudentis, igbákejì rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́sàn-án. Ó ti ń bá Himerios jagun láti ọdún mọ́kànlá. Afari márùn-ún ṣì wà nínú eèsún. Wọ́n pa gbogbo wọn. Inú omi ni wọ́n ti pa èyí tó kẹ́yìn, wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi kò fi hó mọ́. Méjì kú nínú àwọn mẹ́sàn-án náà. Gaudentis kúnlẹ̀, ó tú ìgbànú ara rẹ̀, ó fi di itan ọ̀gágun lókè ojú ọgbẹ́, ó sì fà á le títí ẹ̀jẹ̀ fi dín kù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sùn o. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Pé ẹṣin mi ti sanra jù?"

"Ẹ sọ̀rọ̀ ìyàwó yín."

"Domnika àti ọmọ wa ṣì wà láàfin. Ọba ní àlejò òun ni wọ́n títí ogun á fi parí. Gaudentis, mo fẹ́ fojú kàn wọ́n. Má jẹ́ kí n kú sínú ẹrẹ̀ yìí."

"Ẹ ò ní kú síbí."

Mukianos, tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ogun náà, ti to ọ̀kọ̀ méjì sílẹ̀, ó ń so aṣọ àwọ̀lékè mọ́ wọn.

"Ẹ tú u, Bàbá Mukianos," ni Gaudentis wí. "Aṣọ á rọ̀ sísàlẹ̀, egungun tó dá yẹn á sì gún ẹran jáde. Nǹkan tó le la fẹ́. Ẹ gbé asà yẹn wá."

"Asà kẹ̀?"

"Àbí ẹ ru ibùsùn wá látilé ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Mukianos kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ètè ọ̀gágun tó ti funfun, ó sì gbé aṣọ náà sílẹ̀.

Ní àkókò yìí ni igbe ta láti apá òsì pé Himerios ti kú. Àwọn ọmọ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀kọ̀ nù, wọ́n ń sá lọ, àwọn Afari sì ń fi idà ṣá wọn lẹ́yìn bí ẹni ń ṣán oko. Gaudentis gun orí òkú ẹṣin. Ó wo apá òsì lẹ́ẹ̀kan. Ó wo ojú ọ̀nà gúúsù pẹ́, níbi tí eruku ti ń sọ.

"Ìránṣẹ́ ọba nìyẹn," ó ní. "Òní ló ní òun á dé. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀gágun gorí òkè, kó má baà bá wọn nínú ẹrẹ̀ bí òkú ẹran."

"Ṣé ká gba abẹ́ igi?" ni Mukianos bi í. "Ọfà ò lè dé ibẹ̀."

"Rárá. Gbangba ni ká gbà. Kí àwọn tó ń sá lọ yẹn lè rí i pé ọ̀gágun wà láàyè."

Wọ́n tẹ́ ọ̀gágun sórí asà náà, ọkùnrin mẹ́rin sì gbé e lé èjìká. Himerios bu aṣọ rẹ̀ jẹ kó má baà ké. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, Mukianos, tó wà níwájú, dúró.

"Ọ̀gá, àwọn ẹlẹ́ṣin ọba yẹn ti sún mọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀gágun kalẹ̀ ná."

"Ó ti rẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ gbé e fún mi. Idà ọ̀gágun ṣì wà létídò, ẹ padà lọ mú un wá."

Mukianos wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó padà. Afari mẹ́ta mìíràn jáde láti inú eèsún. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé, kí wọ́n tó gé orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Gaudentis ti èjìká bọ abẹ́ asà. "Ẹ gbé e sókè sí i! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde jókòó, ẹ na ọwọ́ sí wọn!"

Himerios dìde jókòó, ó sì nawọ́. Gaudentis ké orúkọ rẹ̀. Àwọn tó yí i ká gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún ènìyàn, lẹ́yìn náà gbogbo apá òsì. Àwọn tó ń sá lọ yíjú padà. Wọ́n lé àwọn Afari wọ odò, wọ́n ń pa wọ́n bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, títí òkú fi dí etí omi. Gaudentis fi ipò rẹ̀ lábẹ́ asà fún ẹlòmíràn, ó sì sáré lọ pàdé ìránṣẹ́ ọba lójú ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́, oníṣègùn yọ ọfà náà. Ó ní ọ̀gágun kò ní kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa tiro.

"Gaudentis dà?" ni Himerios béèrè. "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ó ti bá ìránṣẹ́ ọba lọ sí ìlú, ọ̀gá."

Ìwé tí ìránṣẹ́ náà ti fi rán ẹlẹ́ṣin ṣáájú ara rẹ̀ kò gùn: "Kábíyèsí, ẹ má jẹ́ kí aya Himerios àti ọmọ rẹ̀ jáde láàfin, nítorí mo fi ojú ara mi rí i lónìí, Gaudentis igbákejì rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí mi, pé àwọn ọmọ ogun gbé e lé orí asà, wọ́n sì ń ké orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé ẹ̀yin náà lọ́jọ́ tí wọ́n fi yín jọba."