Fàdákà Ọba Páṣíà

"Mọ́mì, ta ló fọ owó yìí?"

Opó tó gbé owó náà wá tà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni. Ṣé èèyàn máa ń gbé ìdọ̀tí lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni?"

Ọkùnrin tó bi í, tó ń ra owó àtijọ́ ní òpópónà Ripple Road nílùú òyìnbó, gbé owó fàdákà náà sábẹ́ iná. Orí ọba Páṣíà ló yẹ kó wà lójú kan, pẹpẹ iná lójú kejì. Yanrìn àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ti ha méjèèjì dànù.

"Àwọ̀ dúdú tẹ́ ẹ fọ̀ kúrò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́."

Ó ti pé oṣù kan tí òkú ọkọ opó náà ti wà ní mọ́ṣúárì. Kí ọkọ náà tó kú, àwọn fàdákà yìí ló ní kí wọ́n tà, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbé òun lọ sin sí Ìjẹ̀bú.

"Ẹ má sunkún, Mọ́mì. Ẹyọ kan péré nìyí. Bàbá sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé méjìlá ni. Ẹ gbé mọ́kànlá tó kù wá, bí wọ́n ṣe wà gan-an."

Opó náà ṣí báàgì rẹ̀, ó tú aṣọ funfun kan sórí tábìlì.

Wọ́n pé mọ́kànlá. Gbogbo wọn ń dán gbinrin.