Adìẹ Gbin Àgbàdo

Àlọ́ mi já wẹ́lẹ́, ó já sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Adìẹ gbin àgbàdo sí kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà febi kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ní àràárọ̀, á fẹsẹ̀ walẹ̀, á hú u jáde, á wò ó, á tún bò ó, á máa kọrin:

"Àgbàdo mi, ṣé o ti hù?"
Tẹ́rẹ́nà.
"Jẹ́ kí n yọjú wò ọ́."
Tẹ́rẹ́nà.

Òjò rọ̀ títí, àgbàdo ò hù. Adìẹ ní ilẹ̀ ló burú.

Pẹ́pẹ́yẹ bi í pé, "Ìyá ọlọ́mọ, nígbà tí ẹ sàba lé ẹyin yín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fọ́ wọn wò?"

"Kí n fọ́ ẹyin? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Pẹ́pẹ́yẹ kàn ń wo èékánná Adìẹ tí erùpẹ̀ kún. Ó yé Adìẹ. Ó ní òun ò wò ó mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó ní ẹyọ kan péré lòun máa wò. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, ó ṣì ń walẹ̀.